Báàjì Òṣìṣẹ́ Láyà Ọkọ Mi

Òórùn ìpara ẹ̀yìn àti ti aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ló gba inú ilé wa kan ní Largo, ní Amẹ́ríkà níbí, láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìpara náà jẹ́ irú èyí tó máa ń gbóná, tó tún máa ń tutù, tí atẹ́gùn rẹ̀ sì máa ń ta èèyàn lójú bí àlùbọ́sà. Èmi ni mo máa ń fi pa ẹ̀yìn ọkọ mi láràárọ̀, láti ìbàdí dé èjìká, kí n tó múra lọ sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi. Lọ́jọ́ náà, bí mo ti ń pa ẹ̀yìn fún un ni áyọ́ọ̀nù ń gbóná lórí tábìlì, nítorí ọkùnrin yìí ní òun kò ní wọ ṣòkòtò tó rún lọ síwájú dókítà ìjọba. Kóòtù dúdú tó fi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ní kí n bá òun gbé jáde. Mo bi í pé ṣé ìyàwó ni dókítà fẹ́ fún un ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀." Mi ò bá a jiyàn. Ibi tí wọ́n ti tọ́ àwa méjèèjì ní Ìbàdàn, èèyàn kì í wọ aṣọ jákujàku lọ síwájú aláṣẹ, kódà bó bá jẹ́ pé ìyà tó ń jẹ ẹ́ ló fẹ́ lọ rò fún un. Àṣà tó dáa ni, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí à ń tìtorí rẹ̀ múra náà ní ojú inú díẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀yìn náà ṣe bàjẹ́. Físà lọ́tìrì ló gbé ọkọ mi wá sí Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ tó dé tó wọ iṣẹ́ sójà, nítorí wọ́n ní sójà máa ń tètè gba ìwé ọmọ ìlú, àti nítorí pé ó fẹ́ràn ọkọ̀ ńlá ju oúnjẹ lọ. Ọkọ̀ ẹrù ló ń wà fún wọn lókè òkun. Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ náà yí dànù sínú kòtò pẹ̀lú gbogbo ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì yọ ọkọ mi jáde láàyè. Láti ìgbà náà ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò ti gún mọ́. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń ṣàdédé kú, àwọn ìka rẹ̀ kì í sì í gbọ́ràn bó bá di pé kó de bọ́tìnnì. Ìjọba gbà pé iṣẹ́ sójà ló kó bá a, wọ́n sì ń san ìwọ̀nba nǹkan fún un. Ó gbìyànjú láti ṣiṣẹ́, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ó ṣọ́ géètì, ó to páálí nílé ìkẹ́rùsí, kò sí èyí tó dúró. Ibi tó ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn ni ilé kan ní Hillcrest Heights, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí kò lè dá nǹkan ṣe fúnra wọn. Bàbá arúgbó kan ló fẹ́ gbé láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́ ìjókòó. Ẹsẹ̀ òsì kú, àwọn méjèèjì jọ nà gbalaja sílẹ̀, wọ́n ń wo òrùlé. Nǹkan kan ò ṣe bàbá náà, bàbá tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ni. Ọ̀gá ibẹ̀ rọra ní kí ọkọ mi máa lọ sílé, kí ó má padà wá mọ́.

Ètò kan wà fún irú sójà bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba bá gbà pé àìlera tí o gbé ti iṣẹ́ ogun bọ̀ kò jẹ́ kó o lè ṣe iṣẹ́ tó ń bọ́ èèyàn mọ́, wọ́n á máa san ohun tí wọ́n ń san fún ẹni tó yarọ pátápátá fún ọ. Ohun tí a lọ béèrè nìyẹn. Èmi ń ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì ní ọsibítù nígbà náà, orúnkún tèmi náà sì ti ń kérora. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń jẹ ọkọ mi lọ́kàn jù. Ẹnu ayé ni. Àwọn kan nínú àwọn ará wa níbí, tó jẹ́ pé báǹkì ló ni mọ́tò tí wọ́n ń wà, báǹkì ló ni ilé tí wọ́n ń sùn, máa ń wò ó látòkè délẹ̀, wọ́n á ní ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀ báyìí ló jókòó tó ń jẹ òógùn ìyàwó. Ọ̀rọ̀ náà rìn dé Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni pé o ò fẹ́ ṣiṣẹ́?" Ọkọ mi gbé fóònù sílẹ̀, kò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ẹnì kan tó láṣẹ là á mọ́lẹ̀ pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìdí tó fi wọ kóòtù dúdú lọ síwájú dókítà nìyẹn.

Yàrá dókítà tutù bí inú fíríìjì. Dókítà náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kì í wo ojú èèyàn. Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Láìyí ọrùn, ó bi ọkọ mi pé báwo ni ara lónìí. Ọkọ mi ní, "I am fine, doctor. We thank God." Mo gbójú sókè, mo wo òrùlé. Kí ló tún kù tó fẹ́ kó sọ? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé bí wọ́n bá bi ọ́ ní àlàáfíà, ọpẹ́ ni kó o kọ́kọ́ dá, bí iná tilẹ̀ ń jó ọ nínú. Ẹni tó bá mọ̀ wá yóò tún un bi: ṣé ara le dáadáa? Ẹ̀yìn ńkọ́? Ìgbà tó bá bi í lẹ́ẹ̀kẹta ni òótọ́ máa ń yọjú. Dókítà yìí bi í lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ ìdáhùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ parí. Irú wọn náà wà ní ọsibítù wa. Wọ́n á béèrè ara aláìsàn bí ẹni ń béèrè nọ́ńbà ilé, wọ́n á sì gba owó oṣù tó tó ti èèyàn mẹ́ta.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbójú sókè, kì í ṣe ojú ọkọ mi ló wò, àyà rẹ̀ ló wò. Báàjì ṣọ́ọ̀ṣì wa ń dán lára kóòtù náà, nítorí kì í kúrò níbẹ̀ láti Ọjọ́ Ìsinmi dé Ọjọ́ Ìsinmi. WORKER ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà pẹ̀lú àwọ̀ wúrà. Dókítà ní, "Ṣé o ń ṣiṣẹ́ ni?" Ọkọ mi gún ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò ṣeé gún, ó ní, "Yes, sir. I am a worker in the house of God." Tayọ̀tayọ̀ ló fi sọ ọ́. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, dókítà gbé ọwọ́ sókè sí mi pé ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni òun ti fẹ́ gbọ́. Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí láàárín wa. Ẹni tó ń tọ́ èrò sáyè, ẹni tó ń kọrin, ẹni tó ń nu àga, òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń ṣèpàdé òṣìṣẹ́, wọ́n ń gbààwẹ̀ òṣìṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń fún wọn ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó ti ń tẹ bọ́tìnnì lọ.

Orí tábìlì ilé ìdáná ni mo ti ka èsì nígbà tó dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń béèrè náà múra dáadáa, ó mọ́ tónítóní, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun le, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn kan. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín ọ̀hún kì í sì í ṣe ti ayọ̀. Ìjọba tó lè wà lójú sánmà kí ó máa wo ẹni tó ń rìn nílẹ̀ kò lè bi ọkùnrin kan pé ta ló ń sanwó fún un! Wọ́n gbà á síṣẹ́ nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ gún, wọ́n dá a padà fún mi pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ti wọ́, wọ́n wá ń yìn ín pé ó mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ́. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọkọ mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Iṣẹ́ wo ni wọ́n ní mò ń ṣe?"

Mo ní, "Iṣẹ́ Olúwa." Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti máa ń rí ìsinmi díẹ̀, ó sì gbé ìwé náà lé àyà bí ẹni tí oorun gbé lọ nídìí ìwé ìròyìn. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ń rò.

Bàbá kan wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Largo, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, sójà àtijọ́ lòun náà, tó máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìjọba lóhùn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. A tọ̀ ọ́ lọ. Ó ka ìwé náà, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó bi wá pé ta ló ń sanwó iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà fún un. A ní kò sẹ́ni kankan. Ó ní kí ló wá dé tí a fi ń pè é ní òṣìṣẹ́. Èmi àti ọkọ mi wo ara wa. Bàbá náà ní, "Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì títí tó fi kú. Kò sẹ́ni tó pè é ní òṣìṣẹ́. Usher la pè é." Ó ṣàlàyé pé àyè ṣì wà láti dáhùn, bí a bá lè mú ẹ̀rí tuntun wá. Kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ owó, kí wọ́n sì sọ ohun tó ń ṣe gan-an àti bó ṣe ń ṣe é. Kí ọ̀gá ilé Hillcrest Heights kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kí èmi náà kọ ohun tí mò ń fojú rí nínú ilé. Ọ̀gá Hillcrest Heights, ẹni tó lé e lẹ́nu iṣẹ́, kọ tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó kọ ọ́ bí nǹkan ṣe rí, kò fi àdúrà kankan kún un. Nínú gbogbo àwọn tí mo bá pàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, bàbá sójà yìí àti ọ̀gá náà nìkan ni mi ò rí ẹ̀bi wọn.

Mo rò pé ti ṣọ́ọ̀ṣì ló máa rọrùn jù, nítorí gbogbo ìjọ ló mọ bí ọkọ mi ṣe ń ṣe iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó máa ń fara ti òpó ilẹ̀kùn ni. Bí orin ìyìn bá gùn, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù á gbé àga gíga kan wá fún un láti ẹ̀yìn. Bí ìwàásù bá bẹ̀rẹ̀, á jáde lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò wa, ẹlòmíì á dúró fún un. Lọ́jọ́ Monday kò ní lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Síbẹ̀ kò fẹ́ pa á tì, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ibẹ̀ nìkan ni àwọn èèyàn ti ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Àwọn ọmọdé máa ń sá tọ̀ ọ́ wá, àwọn ìyá arúgbó á ní òun ni kó mú àwọn lọ síjòókòó, kì í ṣe ọmọkùnrin olóòórùn dídùn tó wà lápá kejì. Láti àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi títí wọ́n fi ń ṣe oore-ọ̀fẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ọ̀lẹ.

A lọ bá pásítọ̀ wa lọ́fíìsì rẹ̀ ní Glenarden. Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ nípọn débi pé ọ̀pá tí ọkọ mi fi ń rìn rì sínú rẹ̀. Pásítọ̀ náà kéré sí wa lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí àgbà. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa, ó mi orí, ó ní, "Mummy nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣèyọnu. It is well. A máa kọ lẹ́tà tó gbámúṣé fún Daddy." Ó sì kọ ọ́ lóòótọ́. Inú mọ́tò ni mo ti kà á. Ó ní òṣìṣẹ́ takuntakun ni arákùnrin yìí, pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀, pé láti òwúrọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ ló ń dúró gbọn-in gbọn-in lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, pé ilé iṣẹ́ tó bá gbà á ti rí ìṣúra. Ilé iṣẹ́ tó bá gbà á! Ọ̀rẹ́ mi, a ní kí ọkùnrin yìí bá wa jẹ́rìí sí aláìlera, ó kọ ìwé ìwáṣẹ́ fún un. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àwọn èèyàn wa kò mọ lẹ́tà méjì. Bó o bá ní kí wọ́n kọ nípa rẹ, wọ́n á yìn ọ́ títí wọn yóò fi yìn ọ́ pa.

A padà lọ. Mo gbé lẹ́tà náà síwájú rẹ̀, mo ní, "Pásítọ̀, sà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n òótọ́ la fẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ kì í sanwó fún wọn. Ẹ kọ ti àga gíga yẹn, kí ẹ kọ ọ́ pé wọ́n máa ń lọ dùbúlẹ̀ nínú mọ́tò."

Ó fọwọ́ bo lẹ́tà náà bí ẹni tí a fẹ́ jà á gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mummy, mi ò lè fi ọwọ́ mi kọ ọ́ pé ọmọ Ọlọ́run ò lè ṣiṣẹ́. Negative confession nìyẹn. Ẹ má fẹnu yín pe ibi."

Mo ní, "Ibi ti dé, sà. A ò pè é. Nínú ọkọ̀ ẹrù ló ti bá wọn."

Ó wo aago rẹ̀. Ó ní ohun tó rọrùn wà. Bí Daddy kò bá lè ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé Daddy kì í ṣe òṣìṣẹ́ nìyẹn. Kí wọ́n dá báàjì padà, kí orúkọ wọn kúrò láàárín àwọn òṣìṣẹ́, òun á sì kọ ìlà kan ṣoṣo pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọ yìí. Bẹ́ẹ̀ òun ò ní purọ́, òun ò sì ní jẹ́wọ́ àìlera ẹnikẹ́ni. Wẹ́rẹ́ báyìí ló sọ ọ́, bí ẹni ń yọ ọbẹ̀ kúrò lórí iná. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Ìtìjú ló ń lé ọkùnrin yìí kiri, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ òun, tí òun ti ń gbé ọwọ́ lé lórí láti ọjọ́ yìí wá, kò tíì gba ìwòsàn.

Ọkọ mi gbé ọ̀pá rẹ̀ ti tábìlì. Ó gbé ọwọ́ lọ sí àyà kóòtù rẹ̀, ó ń wá abẹ́rẹ́ báàjì náà. Àwọn ìka rẹ̀ kò gbà fún un. Ó gbìyànjú, ó sinmi, ó tún gbìyànjú. Kí n tó dìde, pásítọ̀ ti na ara rẹ̀ kọjá lórí tábìlì, ó bá a tú u. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí? Ọkùnrin tí kò lè kọ ọ́ pé ara ń ni ọmọ ìjọ rẹ̀, òun ló bá ọmọ ìjọ náà tú abẹ́rẹ́ láyà nítorí pé ìka rẹ̀ ti kú. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rí tí à ń wá. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó ju báàjì náà sí àárín péènì àti ìwé ìléwọ́, ó tì í. Ihò wẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló kù lára kóòtù. Ọkọ mi ní, "Ẹ ṣeun, sà." Mo kórìíra ẹ ṣeun yẹn.

Mo jókòó kọ tèmi lọ́sẹ̀ náà. Mo kọ bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́, bó ṣe ń dùbúlẹ̀ sílẹ̀ jẹun nígbà míì, bó ṣe ń fi ọwọ́ gbá ògiri mú kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo fi hàn án, nítorí mi ò fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kà á tán. Ó ní, "O ti kọ mí bí ẹni tó ti kú." Mo ní, "Rárá, Dádì. Òkú kì í jẹ̀rora." Ó tún padà sórí ìwé náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "O ò kọ ti bàtà." Lóòótọ́, mi ò kọ ọ́ pé èmi ni mò ń bá a so okùn bàtà rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí i. Ẹkún gbọ̀n mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo fi í pamọ́ sínú ìbínú, nítorí ìbínú ló ń jẹ́ kí n lè dúró.

Bàbá sójà kó gbogbo rẹ̀ jọ, pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo tí pásítọ̀ kọ, ó fi ránṣẹ́. A dúró títí òtútù fi dé tó tún lọ. Nígbà tí èsì tuntun dé, wọ́n gbà. Wọ́n kọ ọ́ kedere pé àìlera tó gbà nínú iṣẹ́ ogun kò jẹ́ kó lè ṣe iṣẹ́ tó ń bọ́ èèyàn. Ìyá rẹ̀ ni ọkọ mi kọ́kọ́ pè. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún un sí Yorùbá lọ́rọ̀ kan sí òmíì, ìyá sì ní, "Dárí jì mí, ọmọ mi." Ọkọ mi ní kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà ó jẹ abọ́ ẹ̀bà méjì, mo sì jókòó tì í, mò ń wò ó.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi kọ́ ni mo sọ fún ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ kì í pẹ́ kó tó débẹ̀. Pásítọ̀ pè, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà ìjọ, ó ní kí Daddy wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo ní a ò ní lọ. Ọkọ mi ní a máa lọ. Ó wọ kóòtù dúdú náà, pẹ̀lú ihò méjèèjì láyà rẹ̀. Ìjọ kún. Pásítọ̀ mú un jáde síwájú, ó sọ bí òun ṣe dúró ti ìdílé wa gbọn-in, mo sì ń wo àwọn tó ń ké ààmín, àwọn kan náà tó ń pè é ní ọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà ló fa báàjì tuntun yọ nínú àpò, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́, HEAD WORKER ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ọkọ mi lẹ́nu, ó ní, "Daddy, ẹ sọ fún wọn. Báwo ni ara?"

Mo di àga iwájú mi mú. Mo mọ ìdáhùn tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìdáhùn kan náà ni.

Ọkọ mi gba ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì kó má baà bọ́. Ó ní, "Ara ń dùn mí, pásítọ̀." Ààmín kan tó ti fẹ́ jáde kú sẹ́nu àwọn èèyàn. "Ẹ̀yìn mi ń dùn mí. Ẹsẹ̀ mi ń kú. Mi ò lè de bọ́tìnnì, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ bá mi tú abẹ́rẹ́ lọ́jọ́sí. Mi ò lè ṣiṣẹ́. Ìjọba ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ti fọwọ́ sí i pé èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín. Ẹ jẹ́ ká má sọ ara wa di òpùrọ́, sà." Ó rọra dá ẹ̀rọ náà padà, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀ padà wá bá mi. Báàjì ṣì wà lọ́wọ́ pásítọ̀. Akọrin kan tó gbọ́n bá mú orin bọ ẹnu.

A ò kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àwọn kan retí pé a máa lọ, ọkọ mi ní kí ló dé tí òun yóò fi lọ, ṣé ilé pásítọ̀ ni. Ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá ló ń jókòó sí báyìí, tìmùtìmù kan wà lẹ́yìn rẹ̀, bó bá sì rẹ̀ ẹ́, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Èmi náà ti dín iṣẹ́ kù. Nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé àgbàlagbà Yorùbá kan wá, tó bá dá mi lóhùn pé "I am fine, we thank God," mo máa ń fa àga sún mọ́ ọn. Mo máa ń ní, "A dúpẹ́, sà. Ibo ló wá ń dùn yín?" Mo máa ń dúró títí yóò fi sọ ọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ mi ni pé ìyà tó ń jẹ ọkọ mi kò jẹ́ tuntun fún ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn ló ń fojú rí i. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ó ń sọ ọ́ báyìí, ó sì ti di eré fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, tí báàjì wọn ń dán, á wá kí i lórí ìjókòó rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n á ní, "Daddy, báwo ni ara, sà?" Á ní, "Ó ń dùn mí gan-an." Ẹ̀rín á gbẹ lẹ́nu wọn. Wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á kùn "It is well," wọ́n á sì yára lọ bá ẹlòmíì. Kò sí èyí tó tíì bi í rí pé ibo ló ń dùn ún. Ọkọ mi á wá fi ìgúnpá tọ́ mi, á ní, "Wò wọ́n. Èmi nìkan kọ́ ni ò lè ṣiṣẹ́."